Ọfà Tí Apá-Irin Yàn

Ní ọjọ́ kẹrin tí okùn ọrun Apá-Irin ti ń kùn lára ògiri láìsí ọwọ́ tó kàn án, ọkùnrin náà gbà pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àwàdà.

Kì í pariwo. Ó ń dún bí arúgbó tó ń bá ara rẹ̀ wíjọ́ lójú oorun: mmmm, mmmm. Bí Apá-Irin bá jókòó ti oúnjẹ, á bẹ̀rẹ̀. Bó bá dìde, á dákẹ́. Ó fi etí ti ògiri, ó fi etí ti fèrèsé, ó tilẹ̀ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, bóyá ẹran ló ń ké. Ọrun ni. Ọrun tí gbogbo ọkùnrin ẹgbẹ́ ọlọ́fà ti gbìyànjú láti fà, tí ẹni tó gbìyànjú jù láàárín wọn fi ọ̀sẹ̀ méjì gbé ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó ń wo àṣá.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ló sì kù.

Ní Sátidé, ẹgbẹ́ ọlọ́fà yóò wọ igbó irà tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Túùkú kan wà níbẹ̀, akọ, arúgbó, tó ga dé ìbàdí ènìyàn. Ó ti ṣe ènìyàn mẹ́rin léṣe. Ìjọba ti fòfin de ìbọn lágbègbè ibẹ̀ nítorí àwọn aláìsàn, nítorí náà ọfà nìkan ló kù. Ẹgbẹ́ sì ti là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá pa túùkú yìí ni yóò jókòó sórí àga olórí, àga tó ti ṣófo láti ọdún mẹ́ta, láti ọjọ́ tí túùkú yẹn kan náà ti pa ẹ̀gbọ́n Apá-Irin tó jókòó sórí àga náà.

Ènìyàn méjì ló fi orúkọ sílẹ̀. Èkíní ni Apá-Irin. Èkejì ni opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ débi pé Tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é; bí atẹ́gùn bá fẹ́, ó máa ń di férémù ìlẹ̀kùn mú.

Láti orí ọgbà tó pààlà ilé méjèèjì, Apá-Irin yọjú wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ dúró lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọrun kan báyìí tó fẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé ọmọ ọdún méjìlá lè fà á kó sì máa jẹ súìtì lọ.

"Ìyàwó!" ni ó ké. "Ọrun nìyẹn àbí igi tí wọ́n fi ń sá aṣọ?"

"Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Tó bá jẹ́ igi aṣọ ni, ẹ bọ́ ṣòkòtò yín wá, kí n bá yín sá a."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa Apá-Irin. Ẹ̀rín ọ̀hún kò tíì dé ikùn tó fi kú sí i lọ́fun. Ọfà mẹ́ta ni obìnrin náà ta sí àpò iyanrìn tó gbé kọ́ igi. Ihò kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà wọlé.

Nínú yàrá lẹ́yìn rẹ̀, ọrun ńlá tún bẹ̀rẹ̀: mmmm.

*

Níwájú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ilé ìwé ni Aránṣọ ń rán. Lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń rán ohun mìíràn.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ Ajé ni Apá-Irin wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì náà. Yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà níbẹ̀ tí kò ní abẹ́rẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́. Aránṣọ jókòó tì í, àgbà ọkùnrin olóhùn ọmọdé, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Kí ni ká bá ọ rán, ọmọkùnrin?"

"Bàbá, mo fẹ́ kí ọfà ẹnì kan má wọ ara ẹran."

Aránṣọ kò béèrè orúkọ ẹni náà. Ó fa téèpù yọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èjìká ọ̀tún Apá-Irin.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ la fẹ́ ṣe é sí o!"

"Mo gbọ́. Ta ló máa wọ̀ ọ́, ọ̀tọ̀. Ta ló ní ká rán an, ọ̀tọ̀. Gbé apá sókè."

Apá-Irin gbé apá sókè. Téèpù náà tutù bí ikùn alángbá. Arúgbó náà ka nọ́ńbà, ó mi orí. "Á tó," ni ó wí. Kò sọ ohun tí yóò tó.

Ohun tó fún un kò ju okùn pupa kan lọ, kò gùn ju apá lọ.

"So ó mọ́ ohun tí ìwọ fúnra rẹ yàn fún ẹni náà. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á. Ohun ìjà tó bá wọ okùn yìí, ẹ̀jẹ̀ ò ní kàn án. Ẹran tí wọ́n bá dojú ẹ̀ kọ, ẹni tó mú un dání ni yóò forí lé."

Apá-Irin ká okùn náà sọ́wọ́. Ó mọ ohun tí eyín túùkú ń ṣe sí ikùn ènìyàn. Ó ti rí i rí, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì dúró wò ó tán.

"Èèwọ̀ kan ló wà ńbẹ̀," ni Aránṣọ ní. "Ọwọ́ tó wá gbà á kò gbọdọ̀ tú u. Kò gbọdọ̀ gé e. Kò gbọdọ̀ sun ún. Kò sì gbọdọ̀ bẹ ẹlòmíràn kó bá a tú u."

"Kí ni mo fẹ́ tú u ṣe, Bàbá?"

Aránṣọ ju ẹ̀pà sẹ́nu. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà dúró lójijì, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ èsì dáadáa.

*

Orí ọfà mẹ́ta ló yàn, nínú irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń lò: olójú mẹ́ta, ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí àtàǹpàkò méjì tí a tò ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń kọ mànà. Fún ọrun ńlá, ọba ni wọ́n. Fún ọrun Tẹ́ẹ́rẹ́, ẹrù ni wọ́n. Kò sí ọlọ́fà tí kò mọ̀ pé irin tó fẹ̀ ń fẹ́ agbára kó tó la awọ kọjá. Nítorí náà, bí oògùn bá sùn, irin á jí. Bí irin bá sùn, oògùn á jí. Ó so okùn pupa mọ́ ọrùn èyí tó dán jù, ó sì ń súfèé bí ẹni tó ti jókòó sórí àga.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ń fọ abọ́ ní ìdáná nígbà tó wọlé.

"Ìyàwó, ẹ̀bùn dé o!"

"Hàà, ọkọ mi! Èwo ló dé? Ẹ̀yin tí ẹ ò fún wa ní iyọ̀ rí?"

"Ìwọ náà! Ṣé ẹbí kì í tún ṣe ẹbí mọ́ ni? Bí o bá gbé àwọn irin wẹ́wẹ́ rẹ yẹn wọ inú irà, ojú gbogbo wa ni yóò tì. Gba èyí."

Obìnrin náà nu ọwọ́ sí aṣọ, ó gbé àwọn irin náà sójú ìmọ́lẹ̀. "Wọ́n mà fẹ̀ o."

"Ohun tó fẹ̀ ló ń dá ihò tó fẹ̀."

"Lóòótọ́ ni. Okùn pupa yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ lásán."

Tẹ́ẹ́rẹ́ wò ó. Ó wò ó títí tí ìpéǹpéjú Apá-Irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo gbà á, ọkọ mi."

Omi inú bàsíà yí po lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìka rò ó, ó sì dákẹ́.

"Ṣé o rí ìyẹn?" ni Apá-Irin béèrè.

"Rí kí ni?" Ó ti padà sídìí abọ́ rẹ̀. "Ọrun yín ńkọ́? Ọ̀la ni Ọjọ́rú o."

Ọjọ́rú ni Tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń di okùn ọrun gbogbo ẹgbẹ́, láti ayé ọkọ rẹ̀ wá. Kò sí ọlọ́fà kan nínú wọn tó ń di tara rẹ̀. Ọwọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ ló mọ bí okùn ṣe ń jókòó. Apá-Irin fò lọ sílé, ó gbé ọrun ńlá náà wá fún un, ó ń jó bọ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun yóò sùn láìgbọ́ mmmm.

Ó sùn bí òkúta. Kò mọ̀ pé oorun àlàáfíà tí òun á sùn gbẹ̀yìn nìyẹn.

*

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ọrun náà padà. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì rẹ̀.

"Ọkọ mi, ibi tí ìka yín ń dì mú ti gbó pátápátá. Okùn dúdú mi sì ti tán. Mo bá fi èyí dì í."

Apá-Irin wò ó. Ní àárín okùn ọrun rẹ̀, níbi tí ìdí ọfà ti ń jókòó, ohun pupa kan yí po, yí po, ó dì pinpin.

"Ìyẹn... ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí mo fún ẹ nìyẹn?"

"Òun ni! Ọfà tí nǹkan so mọ́ lọ́rùn kì í lọ tààrà, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá tú u. Ṣùgbọ́n okùn tó dáa báyẹn, ta ló fẹ́ jù ú nù? Mo ní kó kúkú padà sílé."

Apá-Irin rántí èèwọ̀. Kò gbọdọ̀ tú u. Kò gbọdọ̀ gé e. Kò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní èèyàn kò gbọdọ̀ dá àbá?

"Ìyàwó, ṣé pupa yìí ò mọ́lẹ̀ jù? Túùkú á rí i."

"Túùkú? Imú ló ń lò, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran."

"Ó fẹ́ dà bíi pé ó le jù fún ìka mi."

"Ìka Apá-Irin! Kí okùn le fún un! Ẹ má fi ẹ̀rín pa mí."

"Rárá, mo ní, ká ní... ká ní ọkàn ẹnì kan ṣàdédé sọ fún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan, pé kó..."

"Ọkọ mi, ṣé ara yín le?" Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí. "Ẹ tutù bí ilẹ̀ ilé ìgbókùúsí."

Ó jáde. Ilẹ̀kùn pa dé. Lórí tábìlì, ọrun náà kùn: mmmm. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kùn bí ẹni tó yó.

*

Ní kùtùkùtù Ẹtì, Apá-Irin sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, ó fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ògiri ni. Ògiri bíríkì, tí koríko ti hù sára rẹ̀, tí kò sí ihò abẹ́rẹ́ kan níbẹ̀.

"Kí lò ń wá?" Ohùn náà wúwo bí ohùn akọ màlúù. Aránṣọ ni, ó jókòó ti aṣọ ilé ìwé, gíláàsì wà lójú rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni! Ti ọjọ́ Ajé! Yàrá ẹ̀yìn!"

"Ẹ̀yìn wo? Ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi parí sí lo dúró sí yẹn." Ó yọ gíláàsì. "Ọmọkùnrin, èjìká rẹ yẹn ti ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí láti ìgbà wo?"

Apá-Irin wo ara rẹ̀ nínú dígí tí wọ́n fi ń wọ aṣọ wò. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ fi ìka kan rẹlẹ̀ ju tòsì lọ.

Ó sá jáde, ó gbàgbé bàtà kan sílẹ̀.

*

Kò ní fọwọ́ kan ọrun ńlá mọ́, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yá a ní ọrun? Ẹni tó bá yá ènìyàn ní ọrun nígbà tí ọdẹ ku ọ̀la, ọwọ́ ara rẹ̀ ló yá a. Ilé méje ló kàn, ẹ̀rín méje ló gbọ́. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ Alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí í ṣe ẹni tó ń rọ irin ọfà fún gbogbo wọn.

"Ọrun tí mo fi kọ́ ìyàwó mi nìkan ló wà nílẹ̀," ni Alágbẹ̀dẹ ní. "Fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí! Ọrun ńlá rẹ dà?"

"Ó ń sinmi."

"Ọrun ń sinmi! Ṣé ó lóyún ni?"

"Ṣáà gbé e wá, jọ̀ọ́."

Alágbẹ̀dẹ gbé e wá. Apá-Irin fà á bó ṣe máa ń fa tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì fò kọjá etí, ó gbá ara rẹ̀ létí. Alágbẹ̀dẹ dùbúlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dìde, ó nu ojú, ó sì di olùkọ́.

"Gbọ́ mi. Ọrun tí kò lágbára dà bí àlejò tí kò mọ ẹnì kan nílé: ẹnu ọ̀nà tóóró ni kó wá gbà wọlé. Olójú méjì ni kó o yàn. Tóóró, gígùn, kó mú láti imú dé ìdí, kí imú náà fúnra rẹ̀ máa gé. Lo igi ọfà tó wúwo díẹ̀, kó lè máa ti irin lọ nínú ẹran. Sún mọ́ ọn, má kọjá ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀yìn apá ni kó o ta, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró wà. Bó o bá ta eegun èjìká, o kàn kan ilẹ̀kùn lásán ni. Wò ó."

Ó fi awọ màlúù tútù bo àpò iyanrìn, ó dúró ní ìṣísẹ̀ méjìlá. Ó kọ́kọ́ ta olójú mẹ́ta tó fẹ̀. Pọ̀! Ó wọ awọ náà bí ìdajì ìka, ó gbọ̀n, ó rọ̀, ó jábọ́. Ó wá ta olójú méjì. Fíì! Ó wọlé títí dé ìyẹ́.

Apá-Irin fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó na ọwọ́ gba irin tóóró náà. Ó mú débi pé irun ọwọ́ rẹ̀ gé kó tó kàn án.

"Ọwọ́ rẹ mà dára o. Báwo lo ṣe lọ̀ ọ́?"

"Èmi kọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó jókòó síbi tó o jókòó sí yẹn lánàá, ó lọ mẹ́fà. Ó ní òun á mú mẹ́ta, kí n fi mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹni tó máa nílò rẹ̀."

Irin náà bọ́ lọ́wọ́ Apá-Irin. Ó fò dìde lórí àpótí. Ó tẹrí ba wo irin náà nílẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi igi yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sí okùn lára rẹ̀. Kò sí ẹ̀bu, kò sí àmì, kò sí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Ta ló ń fi irin sílẹ̀ fún ọ̀tá láìfi nǹkan sí i?

"Fún mi ní èyí tó fẹ̀," ni ó ní.

"Èyí tó jábọ́ yìí?"

"Òun."

"Tó jábọ́ lójú ẹ, báyìí báyìí?"

"Mo ní kó o fún mi!"

Alágbẹ̀dẹ fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọ̀rẹ́ mi," ni ó ní, "ta lò ń sá fún?"

*

Ìkùukùu bo igbó irà láàárọ̀ Sátidé. Ẹ̀rọ iná ilé ìwòsàn ń kùn lẹ́yìn ọgbà, Apá-Irin sì yí ọrùn wò ó nígbà mẹ́ta, kí ó lè dá a lójú pé ẹ̀rọ ni. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ dúró sórí ilẹ̀ gíga. Tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú esùsú lápá kan. Apá-Irin lúgọ sí apá kejì, ìṣísẹ̀ méjìlá sí ojú ọ̀nà ẹran.

Àwọn ẹyẹ kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni túùkú jáde.

Ó tóbi, ó dúdú, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù irin. Eyín rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí dòjé. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí onílé. Ó dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn.

Apá-Irin fa ọrun fẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó rọra, ó wo ẹ̀yìn apá ẹran náà, ó sì tú u sílẹ̀. Ọfà lọ sí ibi tó yẹ kó lọ gẹ́lẹ́. Kò sí ọlọ́fà kan tí ìbá ta á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pọ̀!

Ó gbọ̀n. Ó rọ̀. Ó jábọ́.

Túùkú kò ké. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Okùn pupa wà nílé, lára ọrun ńlá, nínú yàrá tí a tì pa. Kò sí nǹkan kan lára èyí tó wà lọ́wọ́ Apá-Irin. Kí ló wá pe ẹran yìí?

Kò rí àyè fa ọfà kejì yọ. Òkè yí, ilẹ̀ yí, ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Pátákò kan tẹ èjìká ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbọ́ ohun tó ṣẹ́ nínú rẹ̀. Imú ẹran náà sọ̀ kalẹ̀ sí ojú rẹ̀, ó tutù, ó ń mí. Láti inú ọ̀fun rẹ̀ ni ohùn kan ti jáde wá: mmmm. Mmmm. Apá-Irin mọ ohùn náà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ̀yìn, nígbà tí ìyẹn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ran òun lọ́wọ́.

Fíì!

Irin tóóró kan wọ ẹ̀yìn apá túùkú, ó jáde lódì kejì, ó sì dúró ṣinṣin nínú ẹrẹ̀. Ẹran náà ṣe bí ẹni tó rántí nǹkan. Ó kúrò lórí Apá-Irin, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi, kò sì dìde mọ́.

*

Wọ́n gbé Apá-Irin jókòó ti ìdí igi. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n kẹ́dùn díẹ̀. Àgbà ẹgbẹ́ fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Àga ti rí ẹni tó ni ín. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí ẹ kí olórí yín."

Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Ọwọ́ Apá-Irin wà lórí itan rẹ̀, bí ọwọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ó pàṣẹ fún un. Kò gbọ́. Ó rò pé ẹsẹ̀ túùkú ló ṣẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló rántí téèpù tó tutù.

Tẹ́ẹ́rẹ́ wá dúró níwájú rẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ọkọ mi. Ẹni tí kò bá lè gbé ọwọ́, kó fi ẹnu kí mi."

Apá-Irin la ẹnu láti sọ pé ẹ kú oríire. "Èmi ni mo lọ bá Aránṣọ," ni ẹnu náà sọ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Apá-Irin aláwàdà! Ó pa ẹnu náà dé pinpin. Ó ṣí padà. "Èmi ni mo yan irin tó fẹ̀ fún un, kí ó má bàa wọlé, kí túùkú lè yà á ní ikùn." Ó fi ọwọ́ òsì bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dún ketekete, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń bẹ ẹnu náà kó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí ẹnu náà dé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àgbà ẹgbẹ́ na ọ̀pá sókè láti dá a dúró.

"Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ ní. Ó fi ọrun rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lé ẹ̀gbẹ́ túùkú tó ṣì ń gbóná. "Ibi tí mo ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́ta gan-an ló kàn yìí."